Ta Ló Da Omi Ilé Màmá Malka Nù?

Ológbò ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́.

Ó ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀ nínú ilé ìdáná Màmá Malka, igbe náà kì í sì í ṣe ti ebi, nítorí orí ẹja tí wọ́n gbé fún un wà nílẹ̀ níbẹ̀, kò fẹnu kàn án. Gizela Haimovich, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àgbà ìlú Bradeni, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ìka bọ àwo omi ẹranko náà. Ó gbẹ bí ètè aláìsàn.

"Ọ̀gá, ṣé ológbò lẹ fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀?" Sájẹ́ǹtì Onofrei dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọn yìnyín kúrò lára bàtà. "Dókítà ti sọ tirẹ̀. Ọkàn màmá ló sinmi. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún! Kí la tún ń wá?"

"N ò bá ikú ṣẹjọ́. Ìwé ni mò ń wá."

Gbogbo Júù tó kù ní Bradeni ló mọ ìwé náà, wọn ò sì pọ̀ mọ́. Àgékù ọṣẹ ni wọ́n, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tí omi yóò gbé wọn tán. Ní Sábáàtì tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà, níbi tí wọ́n ti ń jẹ bisikíìtì tí wọ́n ń fi ọtí èso sìn ín, Màmá Malka fi ṣíbí lu ife rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Mo ti kọ ìwé ìhágún mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ láti òkè délẹ̀, bí lọ́yà ṣe ní kí n ṣe. Ilé mi àti ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, sínágọ́gù ló ni ín. Ẹ fi tún òrùlé ṣe. Ọlọ́run ò fún mi lọ́mọ. Ilé àdúrà yìí lọmọ mi, òun ni yóò jogún mi."

Àwọn arúgbó sunkún lọ́jọ́ náà. Ìjọba ìlú ti fún wọn ní gbèdéke: bí òrùlé bá ṣì ń jò nígbà Àjọ Ìrékọjá, wọn yóò ti ìlẹ̀kùn pa, wọn yóò sì kó àwọn ìwé mímọ́ Tora lọ sí ìlú Iaṣi. Ilé tí bàbá àwọn bàbá wọn ti gbàdúrà yóò di ilé àdán.

Nísinsìnyí Màmá Malka wà lórí àga rẹ̀, ojú rẹ̀ pa dé wẹ́rẹ́ bí ẹni pé ẹnìkan fi ọwọ́ pa á dé fún un. Agolo súgà tó ń fi ìwé rẹ̀ pa mọ́ wà lórí tábìlì, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bí ìwé ìhágún kò bá sì sí, Silviu, ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ìbátan kan ṣoṣo tó ní láyé, ni yóò kó gbogbo rẹ̀.

Gizela rìn yíká yàrá. Eyín àtọwọ́ṣe màmá wà nínú ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀kán omi kan nínú ife náà. Òdòdó tútù wà nínú ìkòkò dígí, ìsàlẹ̀ gbígbẹ ló dúró sí. Ó ṣí kẹ́tùlù. Òfìfo. Ó ṣí ìkòkò ńlá tó wà lórí ààrò, ara rẹ̀ sì bù máṣọ.

Ẹ̀wà ni, ẹ̀wà Sábáàtì. Ó ti wú, ó sanra, bí ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú omi. Ṣùgbọ́n omi náà dà?

Inú yàrá náà tutù ju ìta lọ. Jígí ara ògiri ń wò wọ́n. Ìyá ìyá Gizela ló sọ sí i lọ́kàn lójijì, ohùn tí kò gbọ́ láti bí ogójì ọdún: *Ẹ dà á nù, ẹ dà á nù kíá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu ún.*

"Onofrei, má fẹnu kan nǹkankan nínú ilé yìí."

"Ẹ̀n? Májèlé ni?"

"Ohun tó dàgbà ju májèlé lọ ni. Nílé tiwa, bí ẹnìkan bá kú, gbogbo omi tó dúró nínú ilé là ń dà nù. Àwọn àgbà ní áńgẹ́lì Ikú a máa fọ ọ̀bẹ rẹ̀ nínú rẹ̀."

Sájẹ́ǹtì náà ya àmì àgbélébùú sí àyà. "Nígbà náà, Paraskiva ló dà á nù nígbà tó bá a lókùú láàárọ̀."

"Lọ pè é wá."

*

Paraskiva ni obìnrin ilé kejì, onígbàgbọ́ ìjọ Ọtọdọ́ọ̀sì, tó ti ń bá Màmá Malka ṣiṣẹ́ ilé láti ìgbà tí irun àwọn méjèèjì ṣì dúdú. Ó ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

"Ọmọ mi, ọwọ́ mi yìí ni mo fi rẹ ẹ̀wà náà lánàá kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo bu omi kún un, ó bò ó mọ́lẹ̀. Màmá ní, 'Paraskiva, o fẹ́ kọ́ ẹ̀wà lúwẹ̀ẹ́ ni?' A rẹ́rìn-ín. Mo fún ológbò lómi. Mo bá a fi eyín sínú ife. Mo lọ sílé."

"Ní òwúrọ̀ yìí ńkọ́?"

"Mo fi kọ́kọ́rọ́ mi ṣílẹ̀kùn. Mo rí i. Mo figbe ta. Mo sá jáde lọ pe dókítà, mo fóònù Silviu ní Iaṣi. Màmá ló ní kí n tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀. Ti ilé àlejò tó máa ń dé sí níbẹ̀ ni. Omi kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ fi omi ṣe? Mo kàn rí i pé gbogbo rẹ̀ gbẹ." Ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. "Gizela, òùngbẹ ń gbẹ òkú ni?"

Onofrei sìn ín jáde.

Nígbà tó lọ tán, Gizela ní, "Ẹni tó da omi yìí nù mọ̀ pé màmá ti kú, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ké. Ó wọlé lẹ́yìn Paraskiva lánàá. Ó bá òkú. Ó ṣe ohun tí à ń ṣe fún òkú wa. Ó sì jáde, ó pa ẹnu mọ́."

"Júù ni, nígbà náà," ni Onofrei wí. "Mo sì mọ ọ̀kan tó ń gbé ní ìkòríta yìí."

*

Bàbá Gidale, olùtọ́jú sínágọ́gù, ń fi garawa gbe omi yìnyín tó ń jò láti òrùlé. Garawa mẹ́fà ló tò sílẹ̀, wọ́n ń dún tó, tó, tó, bí ẹni ń ka owó nínú òkùnkùn. Àpò ńlá kan wà ní ẹnu àbáwọlé, ó kún fún ìwé àdúrà tó ti gbó. Bàbá náà kò sunkún. Ó kàn ń pe òkú, ní ohùn ìsàlẹ̀:

"Malka ọmọ Leyb, Malka ọmọ aránṣọ. A-jí-tan-fìtílà-kí-ilẹ̀-tó-mọ́. A-fún-ni-jẹ-má-wojú-ẹni. O ní o fẹ́ bò wá lórí, òjò sì ti dé kí o tó bò wá."

"Bàbá, ẹ dákun. Ǹjẹ́ ẹ lọ sílé Màmá Malka lánàá?"

"N ò lọ. Ìbá ṣe pé mo lọ! Òkú kì bá tí dá nìkan sùn. Háà, Gizela, wọ́n jẹ́ kí òkú dá nìkan sùn!"

"Kò sí ohun tó ṣàjèjì lójú yín?"

Bàbá náà gbé garawa sílẹ̀. Ó wo òkè, níbi tí àwọn obìnrin máa ń jókòó sí.

"O ṣì rántí pé mo máa ń kan ìlẹ̀kùn kí n tó ṣí i láàárọ̀."

Ó rántí. Ọmọ Júù Bradeni wo ni kò rántí? Àwọn òkú a máa wá gbàdúrà nínú sínágọ́gù lóru. Ìdí nìyẹn tí olùtọ́jú fi ń kan ìlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn alààyè dé, kí wọ́n sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ọdún mélòó kan ni mo ti ń kàn án tí n ò gbọ́ nǹkankan rí," ni bàbá wí. "Láàárọ̀ yìí, mo kàn án. Pákó òkè dún. Mo gbọ́ ẹsẹ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, kó, wọ́ọ́, kó, wọ́ọ́. Lẹ́yìn náà ìlẹ̀kùn wọn pa dé jẹ́jẹ́."

"Ẹ ò sì wọlé lọ wò ó?"

"Ọmọ mi, ta ní í lé òkú jáde? Mo dúró kó lọ ná." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Malka máa ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Nígbà náà n ò tíì gbọ́ pé ó kú."

Onofrei wo bàtà ara rẹ̀. Wọ́n dé ìta kó tó rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, bàbá yẹn ni. Ó mọ̀ nípa omi, ó ní kọ́kọ́rọ́ ibi gbogbo, ó sì ń fi òkú dẹ́rù bà wá."

"Òun ló ń gbé garawa mẹ́fà yẹn, ṣé òun ni yóò tún jí òrùlé ara rẹ̀? Gbọ́: jígí ńkọ́?"

"Jígí wo?"

"Bí àgbàlagbà wa bá bá òkú nínú ilé, á da aṣọ bo jígí. Á tan àbẹ́là. Á sì jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́, nítorí a kì í fi òkú sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹni yìí ò ṣe ọ̀kankan. Omi nìkan ló mọ̀." Ó dúró nínú yìnyín. "Onofrei, nígbà tí ìyá ìyá mi kú, ta lo rò pé wọ́n rán láti lọ da omi nù? Àwọn àgbà ń wẹ òkú. Àwa ọmọdé là ń da omi. Iṣẹ́ ọmọdé ni. Ẹni tó ṣe èyí kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì fi wá sílẹ̀ kó tó dàgbà kọ́ ìyókù."

*

Ọ̀sán ni Silviu dé láti Iaṣi, ẹ̀wù òtútù rẹ̀ olówó iyebíye, orí rẹ̀ lásán. Òun àti Gizela jọ dàgbà ládùúgbò kan náà, ṣùgbọ́n bí àlejò ló ṣe bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìsìnkú kò ní pẹ́, nítorí Sábáàtì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ilé Paraskiva, tó bá ti olóògbé pín ògiri, ni Gizela ti gbà á lálejò.

"Madam Ìnspẹ́kítọ̀, ẹ jẹ́ kí n gé e kúrú. N ò mọ nǹkankan nípa àṣà yín. Ẹlẹ́dẹ̀ ni mo fi jẹun àárọ̀. Ẹ bi obìnrin tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́."

"Èmi?" Paraskiva fọwọ́ lé ìbàdí. "Ìwọ ọmọ yìí! Èmi tí mo nu imú ẹ!"

"Ẹ má bínú, màmá," ni Gizela wí. "Ẹ fún àlejò lómi. Ètè rẹ̀ ti là."

"Ẹ̀rọ ti dì fún òtútù o. Omi inú garawa ló wà, àná ni mo ti pọn ọ́n." Ó bu ife méjì. Onofrei gbé tirẹ̀ dà sẹ́nu, ó nu irùngbọ̀n. Silviu gba tirẹ̀. Ó gbé e dé ìdajì ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó rọra gbé e kalẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin, ó sì tì í síwájú díẹ̀.

Gizela kò wo ife náà. Ojú fèrèsé ló ń wò. Ó mọ̀ ní tirẹ̀ pé bí ilé kan bá ṣòfò, omi ilé tó fara tì í náà là ń dà nù. Paraskiva ò mọ̀. Onofrei ò mọ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkankan yìí ni òùngbẹ ń gbẹ tí kò sì lè mu.

"Ìgbà wo lẹ rí àǹtí yín gbẹ̀yìn?"

"Ó ti pẹ́."

"Ó dùn mí pé òun nìkan ló wà lóru àná. Nínú òkùnkùn."

Iṣan ọrùn rẹ̀ fò. Ó dìde. Lẹ́nu ọ̀nà ló tó bojú wẹ̀yìn. "Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Mo ti bá bàbá olùtọ́jú sọ ọ́. Àpò ìwé àdúrà gbígbó yẹn, kí wọ́n sin ín pọ̀ mọ́ àǹtí mi. Wọ́n fẹ́ràn ìwé wọ̀nyẹn."

"O ṣeun tí o rò ó," ni Gizela wí.

Bó ti lọ, Onofrei ní, "Òun ni! Ẹ jẹ́ ká mú un."

"Lórí ife omi tí kò mu? Adájọ́ á rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìwé yẹn ni a nílò. Ìwọ lo wá inú ààrò màmá."

"Mo wá a. Eérú igi nìkan. Ẹni tó bá sì fẹ́ jó ìwé, iná ń jó níbẹ̀ lánàá, ìwé kan péré ni. Kí ló dé tí kò jó o?"

Gizela padà sí ilé òkú. Wọ́n ti gbé màmá lọ wẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, wọ́n lẹ bébà kékeré kan mọ́ ògiri, ohun tí Màmá Malka fẹ́ rà lọ́jà: àlùbọ́sà, iyọ̀, àbẹ́là. Lókè rẹ̀ pátápátá, Orúkọ Ọlọ́run, ní lẹ́tà mímọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe. Kò ní kọ nǹkankan, ìbáà ṣe iye àlùbọ́sà, láìjẹ́ pé Ọlọ́run ló kọ́kọ́ wọlé.

Gizela dúró gbagidi.

A kì í jó Orúkọ. A kì í ya á. Ìwé tó bá ní Orúkọ lórí, bó bá gbó, inú àpò tó wà lẹ́nu ọ̀nà sínágọ́gù là ń jù ú sí, títí olódodo kan yóò fi kú, kí a sin wọ́n pọ̀. Ẹni tí ẹ̀rù omi ń bà, ṣé ó lè ju Orúkọ sínú iná?

*Kí wọ́n sin ín pọ̀ mọ́ àǹtí mi.*

"Onofrei! Ọkọ̀ dà?"

*

Itẹ́ òkú àwọn Júù wà lórí òkè, àwọn òkúta rẹ̀ tẹ̀ síbí tẹ̀ sọ́hùn-ún bí àwọn arúgbó tó ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Oòrùn ti ń wọ̀, yìnyín ti di aláwọ̀ ojú ọgbẹ́. Wọ́n ti sọ pósí kalẹ̀. Bàbá Gidale di àpò náà mú létí kòtò, ó ń tì í lọ.

"Bàbá! Ẹ dúró!"

Àwọn arúgbó yíjú padà. Ẹnìkan ní, "Gizela, ṣé bí wọ́n ṣe ń wá síbi òkú nìyí?"

"Màmá Malka ni kó dárí jì mí. Bàbá, ẹ tú àpò yẹn."

"Ohun mímọ́ ni, kì í ṣe ẹrù olè."

"Mo mọ̀. Ìdí tí wọ́n fi fi ìwé ìhágún pa mọ́ síbẹ̀ nìyẹn." Ó yíjú sí Silviu. Kò pariwo, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni ń jí ọmọ lójú oorun. "Srulik."

Orúkọ tí àǹtí rẹ̀ ń pè é ní kékeré nìyẹn. Ọkùnrin náà gbójú sókè.

"Ìwọ lo da omi. O ní o ò mọ nǹkankan, ọwọ́ rẹ sì mọ̀ ọ́n. O gbà á lọ́wọ́ eyín òkú, o gbà á lọ́wọ́ ológbò, o da omi ẹ̀wà Sábáàtì nù. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Ìwọ da tìrẹ, ilẹ̀ gbígbẹ lo tẹ̀. O mú ìwé náà, o rí Orúkọ lórí rẹ̀, o ò sì lè jó o."

Afẹ́fẹ́ fẹ́. Nígbà náà ni Silviu kúnlẹ̀ nínú yìnyín tòun ti ẹ̀wù olówó rẹ̀.

"N ò pa wọ́n. Mo fi Ọlọ́run búra. Gbèsè wọ̀ mí lọ́rùn. Mo gbọ́ nípa ìwé náà, mo wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí i padà. Mo kanlẹ̀kùn, wọn ò dáhùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fún mi ní kékeré wọlé. Ojú wọn là sílẹ̀, wọ́n ń wò mí. Mo pa á dé. Mo ṣí agolo. Mo rí 'sínágọ́gù', n ò kà á tán... Mo ti dé ẹnu ọ̀nà tán. Mo wá rí omi inú ife eyín. Ó ń mì, Gizela. Kò sí afẹ́fẹ́, omi náà ń mì."

Bàbá Gidale tú àpò. Ó kó ìwé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fẹnu ko wọ́n, títí ó fi kan ìwé funfun kan tí a ká ní mẹ́rin. Ó kà á sókè: ilé, ṣọ́ọ̀bù, òrùlé. Ọjọ́ wà níbẹ̀, ìfọwọ́sí wà níbẹ̀. Ó wá kan ìlà ìsàlẹ̀:

"'Yàrá òkè ilé mi, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún Srulik ọmọ àbúrò mi títí ọjọ́ ayé rẹ̀, kó lè rí ibi sùn nígbà tó bá wá gbàdúrà òkú fún mi. Yóò wá. Mo mọ ẹni tí mo tọ́.'"

Silviu bo ojú. Onofrei ti mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde. Gizela di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Jẹ́ kó kọ́kọ́ gbàdúrà."

Ó gba àdúrà òkú náà, ó ń kólòlò, àwọn arúgbó ń bá a gbé ọ̀rọ̀ tó gbàgbé. Àwọn náà ló bu iyẹ̀pẹ̀ bo Malka.

Ojú ọ̀nà ni Gizela ti bi Silviu léèrè, torí ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí Sábáàtì tó wọlé. "Nígbà tí bàbá kanlẹ̀kùn láàárọ̀, kí ló dé tí o gba ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin jáde?"

Silviu wò ó. "Àárọ̀ wo? Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo ju ìwé sínú àpò, nígbà tí bàbá jáde lọ gbé igi ìdáná. Ẹnu ọ̀nà ni mo mọ, n ò tẹ inú ilé náà. Mo wọ rélùwéè padà. Iaṣi ni mo wà nígbà tí fóònù Paraskiva bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí sí ilé àlejò."

Òótọ́ ni. Paraskiva ti sọ ọ́ fún un. Onofrei ya àmì àgbélébùú, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀ òkè. Ó mú Silviu lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹsẹ̀ Bàbá Gidale wúwo lórí yìnyín. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí Gizela. "Ìwọ ṣáájú, ọmọ mi, lọ ṣílẹ̀kùn fún wa. Lónìí a óò gbàdúrà lábẹ́ òrùlé tiwa."

Ó dé ibẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn, ìwé ìhágún náà wà láyà rẹ̀. Inú sínágọ́gù ṣókùnkùn. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, ó tún yọ ọ́. Ó kan ìlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta.

Pákó dún lókè.

Gizela kò bẹ̀rù. Ó rọra gbé ọwọ́ kúrò lára ìlẹ̀kùn, ó sì dúró dáadáa, nítorí arúgbó ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́ kì í yára sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.